Oògùn MS: ti Sweden, ti Amẹ́ríkà, ti Íńdíà, èwo ló ṣe é lò n'Ífẹ̀?

Lọ́jọ́ tí dókítà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé multiple sclerosis, tí wọ́n ń gé kúrú sí MS, ló ń da àbúrò mi obìnrin láàmú, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa. Bùrọ̀dá Houston ní ocrelizumab ni ká wá, pé òun ni wọ́n ń fún èèyàn lọ́dọ̀ àwọn. Àǹtí Sweden ní kí Bùrọ̀dá má kówó ẹbí sómi: rituximab ni aládùúgbò òun ń gbà, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, obìnrin náà sì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ bàbá wa kan tó kàwé ní Íńdíà ní oríṣiríṣi kápúsù ló wà níbẹ̀ tí owó wọn ò gani lára. Màmá wa ò sí lórí WhatsApp. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn lẹ́yìnkùlé ní Lágéré, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Nínú gbogbo èyí tí ẹ̀ ń dárúkọ yìí, èwo ló wà n'Ífẹ̀?"

Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tọ ìbéèrè yẹn lẹ́yìn. Olùkọ́ ni mí ní Mọ́dákẹ́kẹ́, n kì í ṣe dókítà, ẹni tó bá sì fẹ́ mú oògùn kan, iwájú dókítà ọpọlọ àti iṣan ni kó ti mú un. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n to àwọn oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ẹni tó ń rajà l'Ódò-Ògbè ṣe ń gbé iṣu mẹ́ta yẹ̀ wò kó tó sanwó ọ̀kan.

Fún ẹni tí kò mọ àìsàn náà: ẹ fi iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wé wáyà iná. Rọ́bà ló bo wáyà. Bí eku bá ń jẹ rọ́bà náà, iná á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú, tó bá pẹ́ á kú. Nínú MS, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa, tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́lé, ni eku. Ojú kan lè ṣú lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ á kú tipiri lóṣù mẹ́fà sí i, méjèèjì á sì tún máa padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Irú tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ló wọ́pọ̀ jù. Irú kan tún wà tí kì í lọ kó tó bọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń rọra jẹ èèyàn lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ ní 2020 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 èèyàn ló ní MS káàkiri àgbáyé, àwọn obìnrin inú wọn sì tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá kò sí. Àwọn tí mo fẹ́ fi wéra yìí, eku ni wọ́n ń lé. Wọn kì í lẹ rọ́bà tó ti jẹ.

Kí ló dé tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ní tirẹ̀?

Kì í ṣe pé ara ará Sweden yàtọ̀ sí ti ará Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń sanwó ló yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń san èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó ṣe oògùn sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá iye lé e. Nígbà tí ocrelizumab jáde ní 2017, 65,000 dọ́là lọ́dún kan ni wọ́n kọ sí i, àwọn kan tiẹ̀ yìn wọ́n pé ó dín sí owó abẹ́rẹ́ Rebif tó ti wà ṣáájú. Àwa ọmọ agbègbè Iléṣà mọ Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tó máa lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Òṣómàáló tó le jù nínú wọn ò dé ìdí owó oògùn yìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ló ń sanwó, àjọ NICE ló sì ń wò ó bóyá àǹfààní oògùn tó owó tí wọ́n ń bù lé e. Ní 2002, NICE wo interferon àti glatiramer, ó ní wọn ò tó iye wọn. Ìjọba bá ilé iṣẹ́ oògùn dúnàádúrà: a óò máa fún àwọn aláìsàn, a óò máa ṣọ́ wọn fún ọdún púpọ̀, bí kò bá ṣiṣẹ́ tó bí ẹ ṣe wí, ẹ óò dín owó. Ní Brazil, SUS, ètò ìlera ìjọba, ń fún aláìsàn ní oògùn MS lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ àtẹ̀gùn ni: ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò le máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí èyí ò bá dá a dúró, wọ́n á gbé e sókè. Ní Ìránì, níbi tí MS ti pọ̀ tí ọ̀nà ọjà òkèèrè sì há, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣe interferon tiwọn tó ń jẹ́ CinnoVex. Ní South Africa, MS wà lára àwọn àìsàn tí òfin ní kí ìnṣọ́ránsì máa tọ́jú. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àpò bùbá àti àpò ṣòkòtò ni. Látìgbà tí wọ́n sì ti tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, àpò náà ti lọ jìnnà sí ọjà. Ọdún yẹn náà ni GSK, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín láti òkèèrè pé "oògùn yìí ló dáa jù," ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń sanwó ẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Òṣùwọ̀n tí mo fi wọ̀n wọ́n

Nǹkan márùn-ún ni mo ń bi oògùn kọ̀ọ̀kan. Èló ni, fún ọdún mélòó? Ẹni tó lè rówó ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, kò tíì rówó ẹ̀. Ìkejì, ibo ló fẹ́ máa gbé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni àbí inú fíríìjì? Ìkẹta, àyẹ̀wò wo ló máa ń béèrè, ṣé wọ́n lè ṣe é n'Ífẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà, àbí gbogbo ìgbà ni ká máa wọkọ̀ lọ Ìbàdàn? Ìkẹrin, bí oyún bá wà ní ọkàn obìnrin náà ńkọ́? Ọ̀dọ́bìnrin ni àìsàn yìí ń bá fínra jù, ọ̀rọ̀ oyún kì í ṣe àfikún.

Ìkarùn-ún ni mo kà sí jù, ó sì jẹ́ ohun tí àwọn ará òkèèrè kì í rò, torí kì í ṣẹlẹ̀ sí wọn: bí oògùn náà bá dá lójijì, tí kò sí lọ́jà fún oṣù méjì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dá, ara á kàn máa lọ bó ṣe wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dá, àìsàn náà á padà wá pẹ̀lú ẹ̀san.

Ṣùgbọ́n ṣé MS ni lóòótọ́?

Mi ò lè fò ó. Ní Yúróòpù, bí ojú bá ṣàdédé ṣú tí ẹsẹ̀ sì kú lára ọ̀dọ́bìnrin, MS ni dókítà yóò kọ́kọ́ rò. Lọ́dọ̀ tiwa, ó yẹ kó kọ́kọ́ ro nǹkan mẹ́rin márùn-ún mìíràn. HIV lè ṣe bẹ́ẹ̀, syphilis lè ṣe bẹ́ẹ̀, àìtó fítámì B12 lè ṣe bẹ́ẹ̀, ikọ́ ife tó wọ eegun ẹ̀yìn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ní UCH Ìbàdàn sì ti fi hàn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn pé ẹ̀gẹ́ tí oró inú rẹ̀ kò tán, téèyàn ń jẹ lójoojúmọ́, lè sọ ẹsẹ̀ di òkú kó sì mú ojú ṣú. (Ẹ má torí èyí da gàrí nù. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa, tí wọn ò fún dáadáa, lọ̀rọ̀ kàn.)

Èyí tó léwu jù nínú wọn ni ìbejì MS, tó ń jẹ́ NMOSD. Ojú àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa ń bá jà, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju lára òyìnbó lọ. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí àyẹ̀wò AQP4 ń wá nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń pariwo rẹ̀ ni pé interferon, fingolimod àti natalizumab, tí wọ́n ń tọ́jú MS, lè mú NMOSD le sí i. Oògùn méjì péré nínú àwọn tí mo fẹ́ kà ló wúlò fún àìsàn méjèèjì: rituximab àti azathioprine. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni ìdí tí mo fi fẹ́ràn àwọn méjì náà fún agbègbè wa. Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò AQP4 lè rìn jìnnà lọ sí yàrá àyẹ̀wò mìíràn, èsì sì lè pẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ilé ìwòsàn kan tá a kọ́kọ́ lọ ò tiẹ̀ dárúkọ àyẹ̀wò náà fún wa. Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ fingolimod kí dókítà kejì tó ní ká dúró ná.

Abẹ́rẹ́ àtijọ́: interferon àti glatiramer

Kí 1993 tó dé, kò sí oògùn kankan tí wọ́n fọwọ́ sí láti dá MS dúró. Interferon beta-1b ló ṣíde ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, glatiramer tẹ̀ lé e ní 1996. Ara àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ní Brazil, interferon sì lóókọ ní Ìránì. Agbára wọn kò pọ̀: nínú ìkọlù mẹ́ta (ìyẹn ìgbà tí ojú bá ṣàdédé ṣú tàbí tí ẹsẹ̀ bá kú) tó yẹ kó wá, wọ́n lè dá bí ẹyọ kan dúró. Àmọ́ wọ́n ti pẹ́ láyé, ìwà wọn ti hàn.

Interferon máa ń mú ara gbóná, ó máa ń mú orí fọ́ lálẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó ń gba interferon níbí á ti lo oògùn ibà ìgbà mẹ́fà kó tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni. Ó tún ń fẹ́ kí wọ́n máa wo ẹ̀dọ̀.

Glatiramer ṣe jẹ́jẹ́ jù ú lọ. Kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìgbà, ó sì wà lára àwọn tí dókítà kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù fún ẹni tó fẹ́ lóyún. Abẹ́ awọ ni wọ́n ń gún un sí, 20 mg lójoojúmọ́ tàbí 40 mg lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń wú, ó máa ń yún. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyà á há fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, á sì lọ. Tí kò bá lọ, tí ètè bá ń wú tí èémí ò sì dọ́gba, ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọ̀rọ̀ fíríìjì ló pa á lára fún wa. Ilé rẹ̀ ni 2 sí 8 °C. Ó lè wà níta fún oṣù kan, bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá 30 °C. Ọmọ bàbá wa yẹn fi glatiramer oṣù méjì ránṣẹ́ láti Íńdíà, ó dé láyọ̀ nínú oṣù kẹta ọdún. Ọjọ́ kẹrin, iná lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni. A ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá oníyìnyín títí owó yìnyín fi ń jọ owó oògùn, yàrá sì gbóná tó fi jẹ́ pé bọ́tà yọ́ lórí tábìlì. Ta ló lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ tó kù ṣì lágbára? Kì í yí àwọ̀, kì í rùn. A kó o dà nù. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ sólà tó ń gbé fíríìjì tọ̀sán tòru, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án, kó tẹ̀ síwájú. Fíríìjì tiwa ti padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀, ẹja ló ń kó.

Èyí tí à ń gbé mì

Ẹni tó kórìíra abẹ́rẹ́ á sáré síbí, mi ò sì dá a lẹ́bi. Kápúsù ò nílò fíríìjì, Íńdíà sì ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀ nínú wọn ní owó tí kò jọ ti Amẹ́ríkà rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ni ìbéèrè karùn-ún mi ń bá wí jù.

Fingolimod jáde ní 2010, kápúsù àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún MS. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ lò ó, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ń fi ṣọ́ ọkàn èèyàn, torí ó lè mú kí ọkàn máa lù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ń yẹ ojú wò. Ó lágbára ju abẹ́rẹ́ àtijọ́ lọ, ìyẹn dáa. Èyí tí kò dáa ni pé bó bá dá lójijì, MS lè jí padà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí oògùn rẹ̀ ń gba ọwọ́ arìnrìn-àjò dé, tí kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró, ẹ jọ̀ọ́, kó ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì léwu fún ọmọ inú.

Teriflunomide, hóró kan lójúmọ́, rọrùn lójú. Àmọ́ ó lè ṣèpalára fún ẹ̀dọ̀, ó burú fún oyún, ó sì lè wà nínú ara títí ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, àyàfi tí wọ́n bá fi oògùn mìíràn fọ̀ ọ́ jáde. Fún obìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó wà lórí tábìlì. Dimethyl fumarate, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, máa ń mú ojú àti ọrùn gbóná bí ẹni tó jẹ ata rodo, ó sì máa ń da inú láàmú ní oṣù àkọ́kọ́. Kí wọ́n máa ka ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn tí à ń gbé mì, òun ni mo lè bá gbé fún ẹni tí MS rẹ̀ ò le.

Cladribine yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọjọ́ díẹ̀ lo máa lò ó lọ́dún àkọ́kọ́, ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún kejì, ó parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí oògùn, àyẹ̀wò nìkan ni. Fún ìlú tí oògùn ti ń wọ́n, ẹ ò rí i pé ìlànà yẹn bọ́gbọ́n mu. Ní 2023, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi oògùn MS sínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí fún ìgbà àkọ́kọ́, mẹ́ta ni wọ́n kọ: cladribine, glatiramer, rituximab. Owó rẹ̀ ló ń dí i lọ́nà. Àti pé ẹni tó bá lò ó, ọkùnrin tàbí obìnrin, gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ oyún tó wáyé.

Olówó ńlá

Ocrelizumab ti Bùrọ̀dá Houston: dírípù lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, agbára rẹ̀ pọ̀, òun sì ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún MS tó ń jẹni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ofatumumab, tó jáde fún MS ní 2020, jọ ọ́, àmọ́ abẹ́rẹ́ oṣooṣù tí èèyàn lè gún fúnra ẹ̀ ni. Natalizumab ń fẹ́ dírípù lóṣù lóṣù, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2005 nítorí àrùn ọpọlọ kan tó ń jẹ́ PML, wọ́n dá a padà ní 2006 pẹ̀lú ìṣọ́ra púpọ̀, ó sì máa ń jagun padà bó bá dá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí NHS ń tọ́jú, kó gbà wọ́n, kó dúpẹ́. Ẹni tó wà n'Ífẹ̀ tó fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ torí ocrelizumab, kó ka abala tó kàn ná.

Rituximab, ọ̀nà Sweden

Oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe rituximab fún, láti 1997. Ó ń pa irú ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní B. Ní 2008, ìwádìí kan tó ń jẹ́ HERMES fi hàn pé ó ń dá MS dúró gidigidi. Èèyàn á rò pé wọ́n á gbé e lọ gba àṣẹ lọ́gán. Rárá o. Ọdún tí oníǹkan á fi dá tà á ti ń lọ sópin, ilé iṣẹ́ tó ni ín sì yíjú sí ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ tuntun, ocrelizumab, tí wọ́n lè tà fún ọdún púpọ̀ sí i. Títí dòní, rituximab ò ní àṣẹ MS. Àwọn dókítà Sweden ò dúró de àṣẹ. Wọ́n ń lò ó, wọ́n ń kọ èsì sílẹ̀, ó sì di ọ̀kan lára oògùn MS tí wọ́n ń lò jù níbẹ̀. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2022, tí wọ́n fi wé dimethyl fumarate fún ọdún méjì, mẹ́ta nínú 98 tó gba rituximab ló ní ìkọlù. Ní apá kejì, mẹ́rìndínlógún ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Owó: kì í ṣe oògùn pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ̀dà rẹ̀ wà, Íńdíà ti ń ṣe tirẹ̀ láti 2007, iye rẹ̀ ò sì sún mọ́ ti ocrelizumab rárá. Fíríìjì: ti ilé oògùn ni, kì í ṣe ti ilé yín, ọjọ́ dírípù ni wọ́n ń gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni èèyàn ń lọ. Bó bá pẹ́ oṣù kan kó tó dé, iṣẹ́ rẹ̀ kì í tètè tán lára, kì í sì í jagun padà bíi fingolimod. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa mọ̀ ọ́n lò, nọ́ọ̀sì wọn mọ bí wọ́n ṣe ń rọra jẹ́ kó kán, torí ara lè gbóná tàbí kó yún lákòókò dírípù àkọ́kọ́.

Ìṣòro rẹ̀ náà wà, mi ò ní fi pamọ́. Àkọ́kọ́ ni hepatitis B. Ó pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ tó ní in ò mọ̀, rituximab sì lè jí i dìde tí ẹ̀dọ̀ yóò fi bàjẹ́ pátápátá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún yín ní rituximab láìṣe àyẹ̀wò hepatitis B, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Kí wọ́n wo ikọ́ ife àti HIV pẹ̀lú. Ìkejì ni àjẹsára: kí ẹ gba gbogbo èyí tó bá yẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán ṣáájú, torí lẹ́yìn rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í wọlé dáadáa, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó wà nínú káàdì yẹ́lò sì di èèwọ̀. Ìkẹta ni pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà lè dín, kí ikọ́ àti àìsàn ìtọ̀ máa wọlé ṣáá.

Òun la mú fún àbúrò mi. Àyẹ̀wò hepatitis rẹ̀ mọ́, àǹtí àti bùrọ̀dá dáwó, a sì ti ṣe dírípù márùn-ún.

Àwa ará Ifẹ̀ ní ìdí tá a fi lè retí pé oògùn ńlá lè wọlé síbí. Láti 2003 ni àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ CML ti bẹ̀rẹ̀ sí wá láti gbogbo Nàìjíríà sí OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì wa n'Ífẹ̀, kí wọ́n lè gba oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò ìrànwọ́ kan láti òkèèrè. Ojú mi wà lọ́nà irú ètò bẹ́ẹ̀ fún MS.

Azathioprine, èyí tó ti wà nílé

Kò ní ariwo. Hóró kékeré ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀. OAUTHC bẹ̀rẹ̀ ìpààrọ̀ kíndìnrín ní 2002, nítorí náà kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ àwọn apòògùn wa. Òun ni èyí tí owó rẹ̀ rọrùn jù nínú gbogbo àwọn tí mo kà. Kò nílò fíríìjì. Àwọn kan ń fojú tẹ́ ẹ pé oògùn àwọn tálákà ni, àmọ́ nínú ìwádìí kan ní Ítálì, tó jáde ní 2014, wọ́n fi wé interferon, kò sì rẹlẹ̀ sí i nínú dídá ìkọlù dúró. Ẹ ṣàkíyèsí pé interferon ni wọ́n fi wé, kì í ṣe rituximab. Ẹni tí MS rẹ̀ ń gbóná janjan, tó ti ní ìkọlù mẹ́ta lọ́dún kan, azathioprine lè má tó o.

Sùúrù ló ń gbà, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó ràn. Ó ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀, léraléra níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ò ju agbára Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 300 ni ara rẹ̀ ò lè lọ oògùn náà rárá, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbà téèyàn ń fo àyẹ̀wò. Bàbá tó ń lo allopurinol fún làkúrègbé gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, àwọn méjèèjì kì í bára gbé. Tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ewu jẹjẹrẹ ń lọ sókè díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀: bí ẹ̀dọ̀ bá bínú, dókítà ò ní mọ èwo nínú wọn ló bí i nínú. Àwọn tó ń polówó "oògùn tó ń fún ọmọ-ogun ara lágbára" náà, ẹ rántí pé ọmọ-ogun ọ̀hún ni eku nínú MS.

Sítẹ́rọ́ìdì kì í ṣe ara wọn

Methylprednisolone gíráàmù kan nínú dírípù lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ni wọ́n ń fún èèyàn bí ìkọlù bá dé. Ó ń mú un tètè rọlẹ̀, kò ní kí òmíràn má wá. Mo mọ ẹnì kan tó ń ra prednisolone ní kẹ́místì lóṣooṣù pé MS lòún ń tọ́jú. Ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, MS rẹ̀ ò sì kúrò níbi tó wà. Kí ẹ tó sáré lọ gbà á pàápàá, ẹ wo ojú ọjọ́. Ooru oṣù kejì n'Ífẹ̀ nìkan tó láti mú kí ojú tó ti là tún ṣú díẹ̀ lọ́sàn-án, ara tútù á sì dá a padà. Ibà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn ìtọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ibà àti ìtọ̀ kọ́kọ́, dírípù lẹ́yìn.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí èsì AQP4 ò bá tíì dé, tàbí tó dé tó jẹ́ NMOSD, azathioprine tàbí rituximab ni kí ẹ bá dókítà sọ, ẹ jìnnà sí interferon, fingolimod àti natalizumab.

Ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, tí ìkọlù rẹ̀ ò sì le, tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti lè máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, azathioprine. Bó bá jẹ́ abúlé tó jìnnà sí Ìpetumodù ló ń gbé, tí ọkọ̀ ò rọrùn, èrò mi yí: àyẹ̀wò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa sú u, á sì fò ó. Rituximab lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bá irú wọn mu jù, bí ẹbí bá lè dáwó.

Ẹni tí MS rẹ̀ le, rituximab, bí hepatitis B ò bá sí. Bó bá wà, dókítà ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́. Oògùn wà tí wọ́n lè fi dè é mọ́lẹ̀ kí rituximab tó wọlé, kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí.

Obìnrin tó fẹ́ lóyún láìpẹ́: glatiramer, bó bá ní iná tó dúró. Bí kò bá ní, kó bá dókítà rẹ̀ ṣètò bí oyún yóò ṣe tẹ̀ lé rituximab. Oṣù tí wọ́n bá yàn ṣe pàtàkì.

Ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ocrelizumab ni àṣẹ wà fún. Ìwádìí tí wọ́n fi rituximab ṣe fún irú rẹ̀ ò yọrí bí wọ́n ṣe fẹ́, àyàfi díẹ̀ lára àwọn ọ̀dọ́ tí MRI, àwòrán inú ọpọlọ wọn, ṣì ń fi hàn pé eku ń jẹ rọ́bà lọ́wọ́. Mi ò ní sọ pé kó ta ilẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ já pa ńkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ gba abẹ́rẹ́ káàdì yẹ́lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùnkóògùn. Ẹ mọ̀ pé rituximab kì í ṣe oògùn MS tí NHS sábà ń fúnni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé yín sórí ocrelizumab bí ẹ bá débẹ̀, ìyẹn ò sì burú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ dírípù kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀ sí, èsì AQP4, èsì hepatitis B, àti MRI lórí CD. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà lára fíìmù tí wọ́n gbé síwájú fèrèsé, dókítà ibẹ̀ ò ní rí nǹkan kan fi í ṣe.